Ẹ Bi Bàbá Másọ̀n: Ẹ má tíì da sìmẹ́ǹtì sí ìta yẹn

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí ìta kan ládùúgbò wa. Àwọn ọmọ àdúgbò tó wà lókè òkun dáwó jọ, wọ́n fi 4,000,000 sẹ́fà ránṣẹ́ pé kí a fi tún ìta náà ṣe, kí ó di ibi ìgbafẹ́. Ìgbìmọ̀ fi mí ṣe akọ̀wé. Wọ́n ti ya àwòrán: pafé (bíríkì ìtẹ́lẹ̀) láti igun dé igun, ọgbà irin yí i ká pẹ̀lú géètì, omi tí yóò máa tú sókè láàárín, àti ère kan tí a kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jẹ́. Wọ́n ní igi ọ̀dán tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ nítorí gbòǹgbò rẹ̀. Ìyá alákàrà àti àwọn alákàsà ń bẹ̀rù pé a ó lé wọn. Àwọn ọmọkùnrin fẹ́ pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojúbọ tó wà ní igun. Bàbá, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

— Akọ̀wé tí orí ń fọ́

Ìdáhùn

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé kí wọ́n tó gbé àáké. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí igi bá ti wó tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí eegun mi ṣì le, wọ́n pè mí sí ìlú kan ní òdìkejì ọ̀sà pé kí n wá tẹ́ pafé sí ìta wọn. Ọ̀dán kan wà níbẹ̀ tí ọkùnrin méjì kò lè gbá mọ́ra tán. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ti ilẹ̀ sókè níhìn-ín lọ́hùn-ún, okùn ìwọ̀n mi kò sì lè nà gbọọrọ. Èmi ni mo sọ fún ọ̀gá iṣẹ́ pé kí igi náà lọ. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tẹ́ pafé náà, ó gún régé, o lè gbé ẹyin sórí rẹ̀ kó má yí. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìlù dún, àwọn èèyàn ńlá sọ̀rọ̀, wọ́n pa màlúù.

Oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, mo mú ọmọ mi lọ síbẹ̀ kó lè rí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀. Agogo méjì ọ̀sán ni. Kò sí ẹyọ èèyàn kan lórí rẹ̀. Ewúrẹ́ pàápàá ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ooru ń gbóná sí wa lójú bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Àwọn bàbá tó máa ń ta ayò lábẹ́ igi ti kó ọpọ́n wọn lọ sábẹ́ òrùlé ọlọ́tí kan létí gúdúrọ́ọ̀nù (títì ọlọ́dà). Ìyá ẹlẹ́wà ti lọ jókòó sórí ìdérí gọ́tà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá ọlọ́pọ́n dá mi mọ̀. Kò bú mi. Ó kàn wò mí, ó ní, “Másọ̀n, iṣẹ́ ẹ dáa o. Ìgbà wo lo máa wá bá wa jókòó síbẹ̀?” Ọmọ mi ń wojú mi.

Láti ọjọ́ náà, kí n tó na okùn síbi kankan, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo fẹ́ kí ìwọ náà ṣe nìyẹn, ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù mí lọ, torí pé ṣọ́ọ̀bù rẹ kọjú sí i. Ra ìwé kan. Mú ọjọ́ ọjà kan, ọjọ́ Jímọ̀ tàbí Àìkú kan, àti ọjọ́ lásán kan. Láti ìdájí títí wọ́n á fi pa iná ìkẹyìn, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni kí o kọ sílẹ̀: ta ló wà níbẹ̀, níbo ló dúró sí, kí ló ń ṣe, níbo ni òjìji wà. Má bi wọ́n ní ìbéèrè, torí bí o bá bi wọ́n, pápá bọ́ọ̀lù ni wọ́n á máa sọ fún ọ. Wò wọ́n ni.

Mo lè méfò díẹ̀ nínú ohun tí wàá rí. Iná alákàrà ló máa kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ilé ìwé máa gba ìta náà kọjá láti igun kan sí ìkejì, ẹsẹ̀ wọn ti la ọ̀nà tóóró kan tí kò gún lórí ilẹ̀ pupa. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì dí ọ̀nà yẹn, níbẹ̀ gan-an ni kí pafé gbà. Tó bá di ọ̀sán, àwọn zemidjan máa gbé ọ̀kadà wọn sábẹ́ ọ̀dán, wọ́n á sùn lé e lórí bí ẹni sùn sórí ìrọ̀rí. Ní ìrọ̀lẹ́, bébífútù (bọ́ọ̀lù orí tábìlì) yóò máa dún kà-kà-kà, àwọn ọmọbìnrin á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan torí pé kò sí ibì kankan tí a ṣe fún wọn. Kọ ìyẹn sílẹ̀ dáadáa. Nínú gbogbo ìgbìmọ̀ tí mo ti bá ṣiṣẹ́, n kò rí èyí tó béèrè pé níbo làwọn ọmọbìnrin ọdún méjìlá máa jókòó sí.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, William H. Whyte, tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní New York ní àwọn ọdún 1970. Láti 1961 ni ìlú náà ti gba àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro láyè láti kọ́ ọ ga sí i bí wọ́n bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ fún gbogbo ayé. Wọ́n fi í sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbàgede náà ṣófo. Whyte gbé kámẹ́rà kalẹ̀, ó ń wò wọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó rí ni pé ibi tí ìjókòó bá wà làwọn èèyàn ń jókòó sí. Ó tún rí i pé bí àga bá ṣeé gbé, ẹni tó fẹ́ jókòó máa ń sún un díẹ̀ kó tó jókòó, ì báà má ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ìbá ti sọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò ní kámẹ́rà, àwọn ìgbìmọ̀ rẹ kò sì ní gbọ́ ti ìyá mi. Sọ ti Whyte fún wọn.

Ó kan ọ̀dán. Àwọn baba wa tó gbìn ín síwájú ààfin àti sí ọjà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: igi tó tètè tẹ́ apá, tí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì lè hù bí wọ́n bá rì í mọ́lẹ̀ lásán. Ọdún mélòó ni wọ́n á fi rí irú òjìji bẹ́ẹ̀ rà? Ní ti gbòǹgbò, ẹ má bá a jà. Ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ láìtẹ́ ohunkóhun yí ìdí rẹ̀ ká, ó kéré tán mítà méjì sí gbogbo ìhà, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí másọ̀n kọ́ ìjókòó yípo, kí gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, kí ìbú rẹ̀ gba ìdí méjì tó kọ ẹ̀yìn síra. Ẹ má kó iyẹ̀pẹ̀ ru igi náà dé ọrùn o, jíjẹrà ló máa jẹrà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbin òmíràn, ẹ rántí pé oòrùn agogo mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń lé èèyàn kúrò níta, apá ìwọ̀-oòrùn ló sì ti ń wá. Nítorí náà ìhà ìwọ̀-oòrùn ìjókòó ni igi gbọ́dọ̀ wà. Mo ti rí ibi tí wọ́n gbin igi mẹ́wàá sí ìhà ìlà-oòrùn bẹ́ǹṣì, tí òjìji rẹ̀ ń bọ́ sórí gúdúrọ́ọ̀nù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ló ń gbádùn rẹ̀. Kí igi tuntun tó dàgbà, ẹ pa àtíbàbà. Màrìwò tutù ju páànù lọ, kò sì wọ́n.

Pafé wá ńkọ́? Èmi tí mo fi pafé jẹun fún ogójì ọdún ni mò ń sọ fún ọ pé kí ẹ tẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìta náà, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀. Ilẹ̀ pupa wa yìí máa ń mu omi. Òjò ńlá wa ń rọ̀ láti oṣù Kẹrin dé oṣù Keje, kékeré tún ń padà wá láti oṣù Kẹsàn-án dé oṣù Kọkànlá. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ilẹ̀ náà, omi yẹn kò ní kú o, inú agbo ilé tó wà nísàlẹ̀ ló máa wọ̀, wọ́n á sì wá pe ìwọ akọ̀wé lóru. Ẹ tẹ́ ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti là, ẹ tẹ́ etí ibi tí àwọn olóúnjẹ ń jókòó sí kí ilẹ̀ wọn má bàa di ẹrẹ̀. Pafé sẹ̀ǹtímítà 6 tó fún ẹsẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ bá máa gbà, 8. Iyanrìn ni kí wọ́n fi dí àárín wọn, kì í ṣe àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì, kí omi lè rí ibi wọlẹ̀, kí ẹ sì lè tú ọ̀kan kí ẹ tún un tẹ́ láìfọ́ gbogbo rẹ̀. Kí ilẹ̀ fà sísàlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Bí másọ̀n bá ní òun máa fi ojú wọ̀n ọ́n, wá ẹlòmíràn.

Ọgbà irin, rárá. Ìta tó ní géètì ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ẹni tó bá sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ló ni ín. Bí ọkọ̀ lẹ ń sá fún, ẹ ri òpó kúkúrú mọ́lẹ̀, kí àlàfo àárín wọn tó mítà kan ó lé díẹ̀: ọmọlanke kékeré á wọlé, kẹ̀kẹ́ arọ á wọlé, ọkọ̀ kò ní lè wọlé.

Omi tó ń tú sókè, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ á ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ ìṣíṣọ, á ṣiṣẹ́ ní Kérésì, lẹ́yìn náà iná á gbówó lórí, wọ́n á pa á. Omi tó dúró nínú àwo rẹ̀ kò nílò ju ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀ lọ kó tó di ẹ̀fọn. Ẹ fa ẹ̀rọ omi mímu kan wá sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ yan ẹni tí yóò máa bójú tó o.

Ère náà, èmi kò kórìíra ère. Ọba Toffa, tó jẹ láti 1874 títí di 1908, dúró ní Place Bayol nínú ìlú wa yìí, mo sì máa ń kí i tí mo bá ń kọjá. Ní Kútọ̀nú, ère Amazone tí wọ́n ṣí ní 2022 ga tó mítà 30. Àwọn èèyàn ń lọ síbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń padà sílé. Ibi àbẹ̀wò ni. Ìta tìrẹ, ibi ìgbé ni, wọn ò sì lè fi 4,000,000 ṣe méjèèjì. Bí ìgbìmọ̀ bá takú, ẹ gbẹ́ ẹranko kan tí ọmọdé lè gùn.

Ìyá alákàrà. Ọmọ mi, gbọ́ mi dáadáa lórí èyí. Obìnrin tó dáná ní agogo márùn-ún ìdájí, tó sì mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó ń kọjá, òun ni ọlọ́dẹ ìta yẹn, ẹ kò sì sanwó fún un. Kó wà nínú àwòrán, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé “alákàrà”, kí wọ́n ṣe ibi ìdáná fún un tí èéfín rẹ̀ kò ní máa bọ́ sójú àwọn tó jókòó, kí wọ́n sì ṣe ibi tí yóò máa da eérú sí. Bí ìgbìmọ̀ bá ní obìnrin náà máa ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́, bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ra àkàrà òwúrọ̀ yìí.

Lórí ojúbọ, àwọn àgbà kò ṣe agídí. Púpọ̀ nínú àwọn ìta àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, ẹbí àti òrìṣà ló ni wọ́n kí mẹ́rì (ìjọba ìlú) tó wà. Àwọn ará Ẹ̀gùn ní orúkọ fún wọn, honto. Ilé àṣà Ouadada ti tún díẹ̀ nínú wọn ṣe láìlé ojúbọ kankan kúrò. Mú ìgbìmọ̀ rẹ lọ wo ìta Lokossa nínú ìlú wa yìí, kò jìnnà. Kí o sì lọ bá àwọn àgbà fúnra rẹ, pẹ̀lú obì, kí o bi wọ́n ní ohun tó ní ìdáhùn pàtó: ẹsẹ̀ mélòó sí ojúbọ ni kí a má ṣe kọjá, ọjọ́ wo ni a kò gbọdọ̀ dá ìpàdé sílẹ̀ níbẹ̀, apá ibo ni ìlẹ̀kùn kọ sí. Ẹ gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀, kò sí ẹni tí a óò ṣàlàyé fún mọ́.

Àárín ìta ńkọ́, tí o rò pé ó ṣófo? Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Zangbeto, eégún ọlọ́dẹ òru àwọn Ẹ̀gùn, ti ń yí, ibẹ̀ ni Egúngún ti ń jó, níbẹ̀ la ti ń ta bàṣì (àgọ́ ìnáwó) fún òkú àti ìyàwó. Bẹ́ǹṣì tó bá wà láàárín, Zangbeto á kọ lù ú lóru. Mo ní ọgbọ́n kan fún yín níbẹ̀, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ta bàṣì, wọ́n máa ń fọ́ pafé kí wọ́n lè ri òpó. Ẹ ri páìpù irin mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀, sí ibi mẹ́jọ, kí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, kí ó ní ìdérí. Òpó bàṣì á wọnú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ̀rún sẹ́fà mélòó kan ló máa gbà, ó sì máa ń gba pafé là fún ogún ọdún. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù lè máa lo àárín náà ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú góòlù kékeré tó ṣeé gbé kúrò.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ nínú owó yẹn, ẹ dán an wò. Ní 2009, nígbà tí New York lé ọkọ̀ kúrò ní Broadway ní Times Square, àga etíkun olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n kọ́kọ́ tò síbẹ̀. Àwọn èèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n sì jókòó sórí wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé ó dúró ni wọ́n tó ṣe èyí tó lágbára. Ìwọ lọ bá ẹni tó ń yá àga ìnáwó, yá ogún fún ọjọ́ Sátidé àti Àìkú méjì. Fi eérú fa ìlà ibi tí ẹ fẹ́ kọ́ nǹkan sí. Pa àtíbàbà kan. Ní alẹ́ Àìkú, wo ibi tí wọ́n sún àwọn àga náà lọ. Ibẹ̀ ni ìjókòó yín wà, àwòrán ìgbìmọ̀ ì báà wí ohun mìíràn.

Ohun tó kù kò gba àlàyé púpọ̀. Kí ṣẹ́fù (olórí) àdúgbò àti ilé mẹ́rì fọwọ́ sí i lórí ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ má ná ju 3,600,000 lọ. 400,000 tó kù, ti ẹni tó máa máa gbálẹ̀ ni àti ti pafé tó bá fọ́. Wọ́n á sọ pé owó yẹn kéré. Ó kéré lóòótọ́.

Ìbéèrè láti Kétu

Bàbá, ọ̀dọ́ ni wá. A ra iná olóòrùn mẹ́fà fún gbàgede àdúgbò wa, a fẹ́ ri mẹ́rin sí àárín kí ibẹ̀ lè mọ́lẹ̀ rekete lóru. Àwọn àgbà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní yóò ba Ẹ̀fẹ̀, eégún akọrin òru wọn, jẹ́. Ṣé kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ ìtẹ̀síwájú ni?

Ìdáhùn

Àwọn ló jàre. Òru ni Ẹ̀fẹ̀ ń jáde, ohùn rẹ̀ la sì ń lọ gbọ́. Bí ẹ bá tan iná bí ọ̀sán sójú rẹ̀, kí ló kù tí yóò fi jáde lóru? Ayé mọ̀ ọ́n, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì wọ inú àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹ̀yin tí ẹ ní i nílé ló wá ń fi òpó gún un láyà.

Ẹ ri òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí etí, kí iná kọjú sílẹ̀, kí ó má kọjú sí ojú èèyàn. Irú iná yẹn máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí náà kí ẹ sọ fún oníná kó fi ohun tí ẹ lè fi pa á sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan àti àgbà kan. Méjì tó kù, ẹ gbé wọn sórí bẹ́ǹṣì níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti lè kàwé. Ẹ ó rí i, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kún.

Ìbéèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Àpáta kan wà ní gbàgede wa tí àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí rẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, tí ṣòkòtò wọn sì ń ya. A fẹ́ fọ́ ọ, kí a ra ohun ìṣeré oníke tí wọ́n ń yọ̀ lórí rẹ̀. Òkúta rẹ̀ le gan-an. Ẹ̀rọ wo ló dára?

Ìdáhùn

Ẹ ní ohun ìyọ̀ tí oòrùn kò lè ba jẹ́, ẹ fẹ́ sanwó fọ́ ọ kí ẹ lè ra èyí tí oòrùn máa ba jẹ́ lọ́dún mẹ́ta. N kò ní dárúkọ ẹ̀rọ kankan. Ẹ da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ìdí wọn má bàa máa dùn wọ́n. Ní ti ṣòkòtò, aránṣọ kan wà ní Àjàṣẹ́ tó kọ̀wé lókè yìí, àmọ́ ẹ jẹ́ kó jókòó wo ìta rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ná.